Ère Ìbejì Tó Wà Nínú Àpótí Ìyá Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní ọjà Ìrẹ̀sà-Adú. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí kí àwọn náà lè rí i kà.)

  

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti owó àjọ tí àwọn kan ò tíì dá (wọ́n mọ ara wọn, a ó dé ọ̀dọ̀ wọn tó bá yá). Ọ̀rọ̀ ère ìbejì ni. A ti ń rí i tí àwọn kan ń wojú ara wọn. Ẹ fara balẹ̀. A ò ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí òrìṣà, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa bú ohun tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ mú. Mùsùlùmí wà níbí, Kristẹni wà níbí, ẹni tó ṣì ń ṣe ti baba rẹ̀ náà wà níbí, ìsọ̀ wọn sì fara kan ara wọn.

Ohun tó fà á ni pé àwọn kan ti tún ń wọ àárín wa, tí wọ́n ń béèrè ère àtijọ́. Wọn kì í lọ bá baálé. Ọ̀dọ̀ àwa obìnrin ni wọ́n ń wá, torí wọ́n mọ̀ pé àwa la mọ ohun tó wà nínú àpótí, lábẹ́ ibùsùn àti lókè àjà. Wọ́n á ra ata díẹ̀, wọ́n á ní kí a bá wọn dín in kù, wọ́n á wá rọra bi wá léèrè: "Ìyá, ẹ ò ní ère ìbejì kankan nílé?"

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní kí a sọ tòun, ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ òun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, wọ́n pín ẹrù. Nínú àpótí páànù tí ìyá náà fi sílẹ̀ ni wọ́n ti rí ère kan. Kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, osùn ti gbẹ mọ́ ọn lára, ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé, ó ń ra òfì àtijọ́, ó ń ra ìkòkò, ó ń ra ère. Owó tó san kò tó owó àpò ẹ̀lùbọ́ kan. Ó fi bébà wé e, ó sọ ọ́ sínú àpò, ó lọ.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kan ti oko dé. Àbúrò ìyá tó kú yẹn ni, ọmọ ìyá kan náà. Kẹ́hìndé lorúkọ rẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó se ẹ̀wà, ó bu epo sí i, ó jókòó síwájú àpótí, ó ní, "Ẹ bá mi gbé Táíwò mi."

Ẹni tó tà á kò mọ̀ pé ère náà lórúkọ. Igi ló pè é. Kò mọ̀ pé ẹnì kejì rẹ̀ ṣì wà láyé, tó ń dáko. Ìyá àgbà náà kò pariwo, kò ṣépè. Ó béèrè ẹni tó gbé e lọ, wọ́n ní àwọn ò mọ orúkọ ọkùnrin náà. Ó ní ṣé ó wé e dáadáa? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bébà ló fi wé e. Ó ní, "Bébà." Ó dákẹ́. Ó pín ẹ̀wà náà fún àwọn ọmọdé inú ilé, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó padà sóko.

Ẹni wa yìí ní láti ìgbà tí òun ti ń ta ẹ̀lùbọ́, òun ti ta ọjà àtàkù, òun ti ta àwìn tí wọn ò san, kò sí èyí tó dun òun bí ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ère yìí jẹ́, torí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n rò pé òòṣà kan tí wọ́n ń bọ lásán ni, tàbí pé oògùn ni. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa tún un ṣe níbi tí a bá ti ṣì í sọ.

Yorùbá ń bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ayé lọ. Ìwádìí tí Dókítà Patrick Nylander ṣe ní ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 fi hàn pé ní àgbègbè bí Ìgbò-Ọrà, nínú ìbímọ 1,000, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ti ìbejì. Ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, nǹkan bí 12 péré ni. Ìdí ẹ̀ ò yé ẹnikẹ́ni tán. Àwọn ará Ìgbò-Ọrà ní ìlasa àti àmàlà ni, wọ́n sì ti ń ṣe ọdún ìbejì wọn láti 2018, tí èèyàn ń ti ìlú òkèèrè wá wò wọ́n. Àwa náà ń jẹ ìlasa níbí o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo ògo lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bí ìbejì púpọ̀ náà ló ń sin ìbejì púpọ̀. Ọmọ méjì nínú ikùn kan sábà máa ń tètè wá, wọ́n máa ń kéré, ọ̀kan sì lè rọ ju èkejì. Láyé àwọn ìyá ńlá wa, kò sí ọsibítù, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọmọ tí kò tọ́jọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀kan á lọ, tí ìyá á sì ku òun àti ọmọ kan tó ń sunkún, tí ọmú kan á sì kún láìrí ẹni mu ún. Ibẹ̀ ni ère ti wá.

Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé ìbejì jọ pín ẹ̀mí kan ni. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ayé wò, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán an, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Bí ọ̀kan bá lọ, èyí tó lọ lè máa fa èyí tó kù. Wọ́n á lọ sọ́dọ̀ babaláwo, babaláwo á ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ère. Wọ́n á lọ bá agbẹ́gilére, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á sanwó fún un. Bí ọmọ tó lọ bá jẹ́ ọkùnrin, á gbẹ́ ọkùnrin. Bó bá jẹ́ obìnrin, á gbẹ́ obìnrin. Bí méjèèjì bá lọ, ère méjì.

Ẹ wo nǹkan kan tó máa ń ya àwọn àjèjì lẹ́nu. Ọmọ ọwọ́ ló kú, ṣùgbọ́n ère kì í jọ ọmọ ọwọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n ń gbẹ́. Obìnrin á ní ọmú, á di irun gíga, ọkùnrin á dúró bí ẹni tó ti níyàwó. Orí á tóbi, torí orí lẹni. Ọwọ́ á wà ní ẹ̀gbẹ́ itan, ẹsẹ̀ á dúró lórí ìtẹ́lẹ̀ kékeré. Àwọn onímọ̀ ti sọ oríṣiríṣi nǹkan nípa ìdí rẹ̀. Lójú tiwa tí a jẹ́ ìyá, kò le. Ìyá tó gbé ère náà dání fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ bí ì bá ṣe rí ká ní ó dàgbà.

Ilà ojú tún wà níbẹ̀. Agbẹ́gilére lè gbẹ́ irun bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ilà ìdílé ọmọ náà ló gbọ́dọ̀ kọ sí i lójú, ìbáà jẹ́ àbàjà, ìbáà jẹ́ gọ̀ǹbọ́. Irun, ìtẹ́lẹ̀ àti ilà yìí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń sọ pé ti Ọ̀yọ́ nìyí, ti Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí, ti Ìlá nìyí, ti ìdílé Adugbologe tó gbajúmọ̀ l'Abẹ́òkúta nìyí. Kódà lápá Ìlá àti Ìgbómìnà, ẹ ó rí èyí tí wọ́n gbẹ́ tírà onígun mẹ́ta sí láyà. Ṣé ẹ rí i? Àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ náà gbẹ́ ère fún ọmọ wọn, wọ́n tún so tírà mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ má sọ fún Alfa pé àwa la sọ ọ́ o.

Tí ère bá délé, ìyá ló ń tọ́jú rẹ̀. Á wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á fi aró kun irun rẹ̀. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ dé, ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìyẹn. Á wọ̀ ọ́ láṣọ, á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí, olówó á wọ̀ ọ́ lẹ́wù tí wọ́n to owó ẹyọ sí. Bó bá se ẹ̀wà fún ọmọ tó wà láàyè, á bu tèkejì. Bó bá ra aṣọ fún ọ̀kan, á ra fún èkejì. Ojú tó pa rẹ́ tí ẹ ń rí lára ère àtijọ́, kì í ṣe ògiri ló fi pa á, kì í ṣe òjò. Ọwọ́ ìyá ni. Ìwẹ̀ ojoojúmọ́ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ni imú fi lọ tí ojú fi lọ. Bí ojú ère bá ṣe pa rẹ́ tó ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn nígbà tí oníbàárà kan bá sọ fún wa pé "ó ti gbó, kò níye lórí mọ́."

A fẹ́ kí ẹ mọ èyí náà. Àwọn ọmọ wa ń ka nílé ìwé pé Mary Slessor ló ní kí wọ́n má pa ìbejì mọ́, wọ́n á wá délé wá máa wò wá bí apànìyàn. Kàlàbá ni Mary Slessor ti ṣiṣẹ́, ọdún 1876 ló sì débẹ̀. Ọdún 1830, ìyẹn ọdún 46 ṣáájú, ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò wọn pé àwọn rí ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́nà tí wọ́n gbé ère ọmọ kékeré rù, pé ìyá tí ọmọ wọn kú ni wọ́n, tí wọ́n ń fi í ṣọ̀fọ̀. Àwọn òyìnbó náà fẹ́ gba ọ̀kan. Kò sí obìnrin kan tó gbà fún wọn. Ẹyọ kan, wọn ò rí gbà.

Òótọ́ ni pé ìgbà kan wà tí Yorùbá náà kò fẹ́ ìbejì. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ ti Aláàfin Àjàká tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì, tí ọba kò sì lè pa wọ́n, tó ní kí wọ́n kó wọn lọ sọ́nà jíjìn, pé ibẹ̀ ni Oǹdó ti ṣẹ̀. Àwọn ará Oǹdó ní bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, tí ìbejì di ẹni tí à ń yẹ́ sí.

Ọjà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà á rántí ìyá ìbejì. Babaláwo á sọ fún un pé kó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jó yí ọjà ká. Á gbé ọ̀kan pọ̀n, á gbé ọ̀kan dání. Bí ọ̀kan bá ti lọ, ère rẹ̀ ni yóò fi sí ibi tí ọmọ náà ì bá wà, á fi ọ̀já ṣù ú sí ìgbáròkó, á máa jó. Ọlọ́jà kan kì í kọ̀ ọ́. Oníyọ̀ á bu iyọ̀, elépo á ta epo sí i, aláṣọ á fún un lówó. A ò ní béèrè pé méjì ló gbé wá àbí ẹyọ kan àti igi. Méjì ni. Òmíràn nínú wọn ló ti ara owó ijó bẹẹrẹ yẹn bẹ̀rẹ̀ òwò, tó sì di ọlọ́jà gidi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ère yìí kì í ṣe ti babaláwo nìkan. Àwa ọlọ́jà la bá àwọn ìyá yẹn tọ́jú wọn.

Báwo wá ni ohun tí wọ́n kọ̀ fún Lander ní 1830 ṣe di ohun tí a ń fi bébà wé fún ọlọ́kadà?

Ogun wà níbẹ̀. Ìlú wa mọ ogun. Nígbà ìjà àwọn ọdún 1800, ará Ìgbọ́n sá, ará Ìrẹ̀sà sá, ọ̀pọ̀ sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí àwọn kan tó padà wá tún ìlú ṣe. Ohun tó ṣeé dì mọ́ ìdí sá nìkan ni èèyàn ń rí mú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sìn wọlé. Àwọn Baptist dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, àwọn onímàle ti wà ṣáájú wọn. Wọ́n ní kí a má bọ ère. Àwọn kan sun tiwọn, àwọn kan rì í mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá sì gbé e pa mọ́ sínú àpótí, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń lọ sí mọ́sálásí, wọn ò sọ fún ọmọ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ṣe wá. Ohun tí ìyá kò sọ fún ọmọ, igi ni ọmọ pè é.

Owó ló kẹ́yìn. Láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ, àti pàápàá lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abúlé kiri, wọ́n ń ra ère pẹ̀lú kọ́bọ̀ àti ṣílè, wọ́n ń kó wọn lọ tà fún òyìnbó. Ère ìbejì kéré, ó ṣeé kó sínú àpò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì ti ilẹ̀ wa jáde. Lónìí, wọ́n wà ní músíọ̀mù London, wọ́n wà ní ti Amẹ́ríkà, wọ́n wà ní Jámánì, ní Faransé, wọ́n wà lórí sẹ́ẹ̀fù nílé àwọn olówó. Bí wọ́n bá ń lu gbàǹjo wọn ní London tàbí ní Paris, èyí tó dára nínú wọn máa ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èrè, ẹ ṣírò ẹ̀. Ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ wa ní iye àpò ẹ̀lùbọ́, tó lọ tà á ní iye ilé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti owó ló ń dùn wá jù. Ohun tó ń dùn wá ni ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ère náà nínú músíọ̀mù. Wọ́n á kọ "Yorùbá". Wọ́n á kọ "ìbejì". Wọ́n lè kọ "Ògbómọ̀ṣọ́" tàbí "Ọ̀yọ́" tí wọ́n bá mọ irun kà. Wọ́n á kọ bó ṣe ga tó àti orúkọ ẹni tó fi ta músíọ̀mù lọ́rẹ. Wọn ò kọ Táíwò, wọn ò kọ Kẹ́hìndé. Wọn ò kọ ọmọ ta ni, agbo ilé wo, ọdún wo ló lọ. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ kọ ọ́. Ẹni tó rà á kò béèrè, ẹni tó tà á kò sọ, tàbí kò mọ̀. Gbogbo ère yẹn lórúkọ nígbà tó wà nílé. Ẹnu ọ̀nà ilé ni orúkọ ti já sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òfin, torí kí ẹnikẹ́ni má wá ní a ò kìlọ̀. Láti 1953 ni òfin ti wà lórí ohun àtijọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n tún un ṣe ní 1974, èyí tí a sì ń lò ni ti 1979 tó dá àjọ tó ń rí sí músíọ̀mù àti ohun ìrántí sílẹ̀. Òfin yẹn ní ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 jẹ́ ohun àtijọ́. Àwọn kan á ní, "Ère tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, ìyá mi ló gbẹ́ ẹ ní 1950." Ó wà nínú òfin pé bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ti lò rí fún ètò ìbílẹ̀, tó sì níyì fún ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà, ohun àtijọ́ náà ni, ìgbà yòówù kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè máa rà á kó máa tà á, kò sì sí ẹni tó lè gbé e kọjá ẹnu ibodè láìgba ìwé. Bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá mú ọkùnrin ọlọ́kadà yẹn, tí wọ́n ní ta ló tà á fún un, ẹ ò rò pé orúkọ wa ló máa dá? Nígbà yẹn ló máa wá rántí orúkọ.

Ère tuntun kò sí nínú èyí o. Agbẹ́gilére tó bá ń gbẹ́ ère tuntun, tó ń tà á, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Lamidi Fakẹ́yẹ ará Ìlá, tó kú ní 2009, gbẹ́gi títí ayé fi mọ̀ ọ́n, UNESCO sì yẹ́ ẹ sí ní 2006. Ẹ rà, ẹ tà, ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n rẹ ní èéfín, tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tí wọ́n fi osùn pa lára kó lè dà bí àtijọ́. Àwa tí a mọ ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n fi gbágùúdá lú, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa.

Bí ère ṣe ń lọ, àwọn ìyá kò dákẹ́. Ní Ìlá Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùyàwòrán máa ń ya ọmọ tó kù, wọ́n á tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kó dà bíi pé ìbejì jókòó pa pọ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n bí, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ ọkùnrin, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ̀ ọ́ láṣọ obìnrin, wọ́n á tún un yà. Òyìnbó kan, Stephen Sprague, kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Àwọn mìíràn ra ọmọlangidi rọ́bà lọ́jà, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ ère. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ra ọmọlangidi yẹn kì í ṣe eré.

Tí a bá wá sọ̀rọ̀ títí tí a ò sọ ti ìbejì tó wà láàyè, a ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó tó wà láàárín wa, ẹ tètè lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́sibítù nígbà tí oyún bá ti dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò yín. Bó bá jẹ́ méjì, ọsibítù ni kí ẹ bí i sí. Ẹ má gbé àpò gàrí mọ́, ẹ pe ọmọ alábàárù. Bí wọ́n bá kéré, ẹ gbé wọn mọ́ àyà, ara kan ara, bí dókítà ṣe máa ṣàlàyé, kí ẹ sì fún àwọn méjèèjì lọ́mú. A fẹ́ kí àwọn agbẹ́gilére máa gbẹ́ ère fún ọ̀ṣọ́ nìkan.

Àwọn kan dìde níbi ìpàdé, wọ́n ní pásítọ̀ àwọn ní kí àwọn sun ún. Ẹlòmíràn ní Alfa òun ní kó má bá òun sùn nínú ilé kan náà. A gbọ́. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe mọ́sálásí, a ò sì ní dá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àmọ́ a ti fẹnu kò lórí nǹkan wọ̀nyí. Kí ẹnikẹ́ni tó ní ère nílé béèrè lọ́wọ́ àgbà tó kù nínú ìdílé ṣáájú ohunkóhun, pàápàá bóyá ẹnì kejì ṣì wà. Kí ó má tà á fún ẹni tó ń rìn kiri. Bí kò bá lè gbé e sílé, kí ó fún ẹbí tó lè gbé e, tàbí kí ó mú un lọ sí músíọ̀mù, Ìbàdàn wà níbẹ̀, Ẹ̀sìẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1945 náà kò jìnnà púpọ̀. Kí ó mú un lọ pẹ̀lú orúkọ, kí ó rí i pé wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀ lójú òun, bí a ṣe ń dúró kí wọ́n kọ owó àjọ wa.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ra ìwé ńlá kan fún un. Orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá tó bí i, agbo ilé, ẹni tí ère wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti fọ́tò. Ẹni tó ní fóònù tó ń ya fọ́tò, kí ó ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́. A ò ní gbé ère kankan síta, a ò sì ní ka ìwé náà fún àlejò.

Ìlà àkọ́kọ́ ti kún. Ẹni wa tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ bá ìyá àgbà náà lóko, ó sì kọ ọ́ wá: Táíwò, obìnrin, kò tíì rìn kó tó lọ, orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, agbo ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi fọ́tò ṣófo. Ìyá àgbà náà ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gọ̀ǹbọ́ ló wà lójú rẹ̀, àti pé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ jẹ́ pupa mẹ́ta, funfun kan, bí ẹnikẹ́ni bá rí i.

Ẹ mú tiyín wá ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ẹ tó pàtẹ. Akọ̀wé á ti dé láago méje.